Mọ́tò Tí Wọ́n Rà Ní 500 Dọ́là: Jim McNiel Tọ́jú Ẹ̀ Títí, Kò Dúró Jẹ Owó Ẹ̀

Lóṣù kìíní ọdún 2022, wọ́n lu mọ́tò kan ní gbàǹjo nílùú Kissimmee, ní ìpínlẹ̀ Florida lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Kì í ṣe mọ́tò tuntun o. Mercury ọdún 1951 ni, orúkọ Mercury gan-an ò sì sí lórí mọ́tò tuntun kankan mọ́, nítorí Ford tó ni ín ti pa á tì láti ọdún 2011. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn olówó bẹ̀rẹ̀ sí í na ọwọ́ sókè, tí ẹni tó ń lu gbàǹjo fi máa sọ òòlù ẹ̀ kalẹ̀, 1,950,000 dọ́là ni wọ́n bá a dé. Nígbà tí wọ́n fi owó iṣẹ́ Mecum, ilé iṣẹ́ tó ṣètò gbàǹjo náà, lé e lórí, ó di 2,145,000 dọ́là.

Ẹ má tíì figbe ta. Ọ̀rọ̀ ṣì wà nínú ọ̀rọ̀. Mọ́tò kan náà yìí ni wọ́n tà ní 500 dọ́là lọ́dún 1959, níbi tí wọ́n ti ń ta àlòkù mọ́tò ní California. Ọmọ ilé ìwé ló sì rà á. Ẹni tó bá mú kálámù lè ṣírò ẹ̀ fúnra ẹ̀: ìlọ́po 3,900 ni. Bí èèyàn bá tiẹ̀ ní owó ayé àtijọ́ lágbára ju ti ìsinsìnyí lọ, ohun tí 500 dọ́là lè rà nígbà náà kò ju ohun tí nǹkan bí 5,000 dọ́là lè rà lọ́dún 2022. Èrè ọ̀hún pọ̀ ju ohun tí wọ́n ń fẹnu sọ lọ.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn náà ló ti korò. Ọmọ tó rà á ní 500 dọ́là, tó dàgbà lórí ẹ̀, tó di ọkọ ìyàwó lórí ẹ̀, tó sì sọ ọ́ di mọ́tò padà lẹ́yìn tó ti di ohun tí eruku ń bò, kò fojú kan kọ́bọ̀ nínú owó náà. Jim McNiel lorúkọ ẹ̀. Ó ti kú lọ́dún 2018, ọdún mẹ́rin ṣáájú gbàǹjo.

Àwọn kan á ní òmùgọ̀ ni bàbá yìí. Àwọn mìíràn á ní ọlọ́gbọ́n ni. Kí kálukú tó dá ẹjọ́ tiẹ̀, ó dáa kí ẹ kọ́kọ́ mọ irú mọ́tò tó jẹ́, ibi tó ti wá, àti ohun tó ná wọn kí ó tó padà bọ̀ sípò.

ÀWỌN TÓ GÉ MỌ́TÒ TUNTUN

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wo Batman rí lórí tẹlifíṣọ̀n, fíìmù tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1966 nì, ẹ rántí mọ́tò dúdú tó ní ìyẹ́ bíi ti àdán lẹ́yìn. Ọ̀gbẹ́ni George Barris ló dárà yẹn. Lára mọ́tò kan tí Ford ṣe fún àfihàn, Lincoln Futura, ló ti rí i gbé jáde. Dọ́là kan péré ni wọ́n ní Ford gbà lọ́wọ́ ẹ̀.

Àmọ́ kí Batman tó dé, George àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀, Sam, ti lórúkọ ní Lynwood, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Los Angeles. Gíríìsì ni ìran wọn ti wá. Sam lọlọ́wọ́ iṣẹ́: òun ló ń gé irin, tó ń jó o pọ̀. George lẹlẹ́nu: òun ló ń ya fọ́tò, tó ń gbé e lọ fún àwọn ìwé ìròyìn, tó ń jẹ́ kí ayé gbọ́. Iṣẹ́ wọn ni pé kí wọ́n gba mọ́tò tí gbogbo èèyàn ń wà, kí wọ́n gé e, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n sọ ọ́ di èyí tí kò sí ìkejì ẹ̀ láyé. "Kustom" ni wọ́n ń kọ sára ilé iṣẹ́ wọn. Lẹ́tà K ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ dípò C, wọ́n mọ̀ pé kò tọ̀nà, ohun tó sì wù wọ́n nìyẹn.

Lọ́dún 1952, ọ̀dọ́kùnrin kan gbé Mercury ẹ̀ wá bá wọn. Masato Hirohata lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́, Bob lawọn ọ̀rẹ́ ń pè é. Ará Amẹ́ríkà tí ìran ẹ̀ wá láti Japan ni. Mọ́tò tó gbé wá ò tíì lò ju ọdún kan àti díẹ̀ lọ. Ẹlòmíràn ì bá máa fi í ṣe fàájì lọ ni tiẹ̀. Bob ní kí wọ́n gé e.

Ni wọ́n bá gé e lóòótọ́! Wọ́n gé òrùlé ẹ̀ kúrò lórí ẹsẹ̀ tó gbé e dúró, wọ́n yọ ínṣì mẹ́rin kúrò níwájú, wọ́n yọ ínṣì méje lẹ́yìn, wọ́n wá gbé òrùlé padà sórí. Ẹ má rò pé iṣẹ́ ọmọdé nìyẹn. Òrùlé mọ́tò kì í rí gbọọrọ bíi páálí. Lókè ló ti fún, nísàlẹ̀ ló ti fẹ̀. Bí o bá gé àárín kúrò, tó o ní kó o gbé òkè lé ìsàlẹ̀, ẹnu wọn ò ní pàdé. Gíláàsì tí wọ́n ṣe fún un kò ní wọ ojú ibẹ̀ mọ́. Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ bá le níbẹ̀, ó ti ba mọ́tò tuntun jẹ́ nìyẹn.

Wọn ò dúró síbẹ̀. Òpó tó wà láàárín fèrèsé iwájú àti ti ẹ̀yìn, wọ́n yọ ọ́ dànù, kí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lè mọ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Irin dídán tó gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, ti Buick ni. Iná ẹ̀yìn, Lincoln ni wọ́n ti yọ ọ́. Ẹnu iwájú ẹ̀, irin Ford ni wọ́n fi tò ó. Ihò atẹ́gùn tí wọ́n lu sí ẹ̀gbẹ́, eyín Chevrolet ni wọ́n tò sẹ́nu ẹ̀. Bíi aṣọ eégún ni, ilé kan ò dá gbogbo ẹ̀ ní. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró wò ó á ní ibì kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀ ti wá.

Ohun tó jẹ́ kí ojú rẹ́ni tàn jẹ bẹ́ẹ̀ ni òjé. Lóde òní, nǹkan tí wọ́n ń pò bí ẹ̀kọ ni pánẹ́ẹ̀bítà fi ń dí ojú ibi tí wọ́n bá jó. Láyé ìgbà yẹn, òjé ni wọ́n ń fi iná yọ́ sórí irin, wọ́n á máa fi igi pẹlẹbẹ tẹ́ ẹ bó ṣe ń rọ̀, wọ́n á wá fi fáìlì rá a títí á fi dán bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ. Iná tó bá pọ̀ jù, òjé á ṣàn sílẹ̀. Èyí tó bá kéré jù, kò ní mú irin.

Àwọ̀ ewé méjì ni wọ́n kùn ún: èyí tó fẹ́ẹ́rẹ́ bí ìfófòó òkun lókè, èyí tó dúdú nísàlẹ̀. Inú ẹ̀, Carson Top Shop ló rán àga ẹ̀ ní funfun àti àwọ̀ ewé. Ọjọ́ 97 ni wọ́n ní gbogbo ẹ̀ gbà. Nígbà tí wọ́n gbé e dé àfihàn Motorama ní Los Angeles lọ́dún 1952 náà, òun ni ojú gbogbo èèyàn ń wá.

ÌGBÀ Ò LỌ BÍI ÒRÉRÉ

Bob gbádùn mọ́tò ẹ̀. Lọ́dún 1953 ó ní kí wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì Mercury, kí wọ́n fi ti Cadillac sí i. Ó wá wà á láti California títí dé Indianapolis, ó gba ìpínlẹ̀ lóríṣiríṣi kọjá lójú títì, ó sì kọ ìtàn ìrìn àjò náà fún ìwé ìròyìn Rod & Custom. Ó tún ń fi ike alárànbarà ṣe bọ́tìnnì dáṣíbọ́ọ̀dù, tó ń tà fún àwọn tó fẹ́ kí tiwọn rí bíi tiẹ̀. Von Dutch, ọkùnrin tó lókìkí jù nínú fífi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín fa ilà sára mọ́tò, ya nǹkan sí dáṣíbọ́ọ̀dù ẹ̀. Ẹ fi dáṣíbọ́ọ̀dù yẹn sọ́kàn o, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ń bọ̀.

Lọ́dún 1955 mọ́tò ọ̀hún bá wọn ṣe fíìmù kan tó ń jẹ́ Running Wild. Nítorí fíìmù yẹn ni wọ́n ṣe tún un kùn ní àwọ̀ mìíràn. Àwọ̀ Barris bọ́ sábẹ́ nìyẹn. Bob náà sì ta mọ́tò.

Kí ló dé tí ohun tí ayé ń bẹ́ wò lọ́dún 1952 fi wá di àlòkù lọ́dún 1959? Kò sí àjẹ́ níbẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá náà ló jí. Láti ọdún 1955 lọ, mọ́tò tó ń jáde láti ilé iṣẹ́ wọn ti ń súnmọ́lẹ̀, ó ti ń gba àwọ̀ méjì, ó ti ń ní ẹ́ńjìnnì tó ń bú. Ohun tí Bob ná owó ńlá lé lórí, ọmọ tó bá lówó lọ́wọ́ á lọ mú u ní ṣọ́ọ̀bù. Bí aṣọ tó ti kúrò lóde ṣe máa ń rí náà nìyẹn. Ẹni tó wọ̀ ọ́ lánàá ò ní fẹ́ kí wọ́n rí i nínú ẹ̀ lónìí. Ọ̀pọ̀ mọ́tò àrà ayé ìgbà yẹn ni wọ́n fi kọlu ògiri, tí wọ́n tú jẹ, tí wọ́n fọ́ ta bí irin.

Àsìkò tí kò sẹ́ni tó rí tiẹ̀ rò mọ́ yẹn ni Jim McNiel rí i. Ó san 500 dọ́là, ó wà á lọ. Kì í ṣe nítorí àfihàn ló ṣe rà á, kì í sì í ṣe nítorí kó lè tà á lọ́la. Ó ń gbé e lọ sílé ìwé. Ó ń gbé e jáde nírọ̀lẹ́. Nínú mọ́tò yìí náà ló ti ń gbé Sue kiri, ọmọbìnrin tó padà wá di ìyàwó ẹ̀. Ẹ ò rí i pé nígbà tí a bá ní mọ́tò ìgbà èwe ẹnì kan, irin àti táyà nìkan kọ́ là ń sọ.

Nígbà tó di àárín ọdún 1960 sókè, ọmọkùnrin ti di géńdé, ẹrù ilé ti dé. Jim gbé mọ́tò wọ gáréèjì. Ó wà níbẹ̀ fún ohun tó lé ní ogún ọdún.

Ẹni tó bá ti gbé mọ́tò kalẹ̀ rí mọ ohun tí ogún ọdún ń ṣe. Rọ́bà á gan, á máa já wẹ́wẹ́. Bíréèkì á há. Ohun tó bá kù nínú táńkì á di bí oje igi. Eku á fi wáyà ṣe ilé ìgbeyàwó. Ibi tí omi bá ti rọra kóra jọ sí lábẹ́ ilẹ̀ mọ́tò, á dógùn-ún láti inú, ojú ò sì ní rí i títí irin á fi lu. Lójoojúmọ́ ni ilé ń nílò àyè, lójoojúmọ́ ni owó kan ń ṣẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ní "ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gbé e lọ." Jim ò sọ ọ́.

Bí mọ́tò ṣe dúró sójú kan, bẹ́ẹ̀ làwọn tó ṣe é ń lọ. Sam Barris kú lọ́dún 1967, kò pé ọdún 43. Bob Hirohata ní tiẹ̀, wọ́n pa á lọ́dún 1981, wọn ò sì rí ẹni tó pa á títí dòní. Kò mọ̀ pé wọ́n á tún rí mọ́tò òun lóde mọ́.

ÀTÚNṢE TÓ JU ÀTÚNṢE LỌ

Nígbà tí ọdún 1980 sókè ń parí lọ, ìwé ìròyìn Rod & Custom tó ti kógbá wọlé tẹ́lẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Pat Ganahl ló wà nídìí ẹ̀. Òun ló rọ Jim pé kó má jẹ́ kí mọ́tò yìí kú sínú gáréèjì. Ìwé ìròyìn tó gbé ìrìn àjò Bob jáde lọ́dún 1953 ló tún wá ń gbé bí wọ́n ṣe ń tún mọ́tò ẹ̀ ṣe jáde. Àwọn àgbà ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ.

Iṣẹ́ ọ̀hún kì í ṣe ti oṣù kan sí méjì. Láti bí ọdún 1989 ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì wọ àárín ọdún 1990 sókè dáadáa kó tó parí. Ìdí ni pé oríṣi àtúnṣe méjì ló wà, wọn ò sì jọra.

Àkọ́kọ́ ni àtúnṣe kí mọ́tò ṣáà ti máa lọ. Èyí ni gbogbo wa mọ̀. Bí èyí ò bá sí, ẹ fi tọ̀hún sí i. Bí àwọ̀ yìí bá wọ́n, ẹ kùn ún ní dúdú. Èkejì ni àtúnṣe kí mọ́tò padà di ohun tó jẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é. Èyí kò fún ẹni tó ń ṣe é láyè láti gbọ́n ju ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é lọ. Bí àwọn Barris bá fi òjé ṣe é, òjé náà ni. Bí wọ́n bá fi irin Buick kan pàtó sí i, irin ọ̀hún lẹ máa wá rí. Bó bá sì jẹ́ pé ọwọ́ wọn yà díẹ̀ níbì kan, kó yà bẹ́ẹ̀ náà ni.

Níbẹ̀ ni ìbéèrè tó le jù ti dìde. Mọ́tò yìí ti gbé ayé ẹ̀ lọ́nà púpọ̀. Ti ọdún 1952 wà, tó ní ẹ́ńjìnnì Mercury. Ti ọdún 1953 wà, tó ní ti Cadillac. Ti fíìmù ọdún 1955 wà, tó ní àwọ̀ ọ̀tọ̀. Ti Jim náà wà, èyí tó gbé lọ sílé ìwé, tó fi gbé Sue jáde. Èwo nínú wọn ló yẹ kó padà bọ̀?

Bó bá jẹ́ pé ìrántí ara ẹ̀ nìkan ni Jim ń lé, tiẹ̀ ni ì bá ní kí wọ́n dá padà. Àwọ̀ tó ti wà lórí ẹ̀ lẹ́yìn ti Barris lòun mọ̀ mọ́ ọn nígbà èwe. Òun ni ojú ẹ̀ ti mọ́ra. Ṣùgbọ́n àwọ̀ ewé méjì tí Barris kùn ni wọ́n dá padà sí i, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì Cadillac tí Bob fi rin ìrìn àjò. Ẹ rò ó dáadáa o. Kí mọ́tò ìgbà èwe ẹ̀ tó lè bọ̀ sípò, ó ní láti gbà kí wọ́n há àwọ̀ ìgbà èwe ẹ̀ kúrò lára ẹ̀. Ẹni tó bá rò pé nǹkan kékeré nìyẹn, kò tíì ní ohun tó fẹ́ràn fún ọgbọ̀n ọdún.

Ta ló wá kùn ún? Wọn ò gbé e fún ẹni tí kò mọ orírun ẹ̀. Herschel Conway ni, tí gbogbo wọn ń pè ní Junior, ẹni tó ti kọ́ṣẹ́ nílé iṣẹ́ Barris nígbà tó ṣì kéré. Ó ti dàgbà, ó ti ní ilé iṣẹ́ tiẹ̀, ó sì mọ bí ọwọ́ àwọn ọ̀gá ẹ̀ ṣe ń rìn. Ìwé lè sọ pé àwọ̀ ewé ni. Ẹni tó wà níbẹ̀ ló mọ irú ewé tó jẹ́.

Dáṣíbọ́ọ̀dù tí ẹ fi sọ́kàn lẹ́ẹ̀kan ńkọ́? Wọn ò fọwọ́ kàn án. Ilà tí Von Dutch fi búrọ́ọ̀ṣì ẹ̀ fà ló ṣì wà níbẹ̀. Ọgbọ́n tó ga jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà nìyẹn. Oníṣẹ́ tó dáńtọ́ lè yà á tuntun kó sì dán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ òkú ò ṣeé dá padà. Ohun tó bá ṣì wà, tó ṣì lè dúró, ẹ jẹ́ kó dúró.

TA LÓ JÈRÈ?

Ọlá tẹ̀lé e. Lọ́dún 2015 wọ́n gbé e lọ sí Pebble Beach ní California, níbi tí àwọn olówó ayé ti ń kó mọ́tò àtijọ́ wọn jọ lọ́dọọdún kí àwọn adájọ́ lè wò ó. Láyé àtijọ́, àwọn tó wà níbẹ̀ ì bá máa fojú mọ́tò tí wọ́n gé bí èyí wo bí iṣẹ́ ìpàǹle. Lọ́dún yẹn, wọ́n ya ipò sọ́tọ̀ fún àwọn Mercury tí wọ́n dárà sí, ti McNiel ló sì gbé ipò kìíní. George Barris ṣì wà láyé nígbà náà. Oṣù kọkànlá ọdún yẹn gan-an ló kú. Lọ́dún 2017 wọ́n kọ orúkọ mọ́tò náà sínú ìwé àwọn mọ́tò tó jẹ́ ìtàn Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń tọ́jú àkọsílẹ̀ wọn sí ilé ìkàwé ìjọba àpapọ̀ wọn ní Washington. Mọ́tò 500 dọ́là dé ibi tí wọ́n ń kó ìtàn orílẹ̀-èdè sí!

Ọdún tó tẹ̀lé e ni Jim kú. Lọ́dún 2022, ẹbí ẹ̀ tà á.

Àwọn tó ń ṣírò owó á ní ó pẹ́ jù. Wọ́n á ní kí wọ́n wo George Barris, tó tọ́jú mọ́tò Batman tiẹ̀ fún ọdún tó lé ní ogójì, tó sì fọwọ́ ara ẹ̀ tà á ní gbàǹjo lóṣù kìíní ọdún 2013. 4,200,000 dọ́là ni òòlù bá a dé. George mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn tà, ó sì fẹnu ara ẹ̀ jẹ ẹ́. Irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n oníṣòwò ni George láti ìbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ló ń tà. Ti Jim kì í ṣe ọjà. Bó bá jẹ́ ọjà ni, kò ní dúró ní gáréèjì fún ogún ọdún nígbà tí kò níye lórí. Àwọn àgbà ní ohun tó wu ni ló ń pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Àwọn tó na ọwọ́ sókè ní Kissimmee, mọ́tò ni wọ́n ń rà. Wọn ò lè ra ìrọ̀lẹ́ tí ọmọ ilé ìwé gbé ọ̀rẹ́bìnrin ẹ̀ jáde nínú ẹ̀. Ìyẹn, Jim ti gbé e lọ.

Ẹ má wá tìtorí ìtàn yìí lọ kó gbogbo àgékù irin pamọ́ o. Nínú ẹgbẹ̀rún mọ́tò tí wọ́n gbé kalẹ̀ sẹ́yìn ilé, bóyá ni ọ̀kan á dé ibi tí èyí dé. Irú ẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe, àwọn ọ̀gá ló ṣe é, ìwé àti fọ́tò wà lẹ́yìn ẹ̀. Bí owó ilé ìwé ọmọ bá ń dúró, tí mọ́tò ń dógùn-ún, ẹ ta mọ́tò, kí ọmọ lọ sílé ìwé. Kò sẹ́ni tó máa bú yín.

Àmọ́ ẹ̀yin tí mọ́tò bàbá yín ṣì wà níbẹ̀, tẹ́ ẹ sì ti pinnu pé ẹ ò ní tà á, ẹ kọ́gbọ́n lára àwọn ará California yìí. Ẹ kọ́kọ́ wá ìwé ẹ̀ àti fọ́tò ẹ̀ ìgbà tó ṣì wà lójú títì, kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tì kan. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ tú, kí ẹ so orúkọ mọ́ ọn nínú ọ̀rá. Àwọ̀ tó kọ́kọ́ ní, ẹ wò ó lábẹ́ irin dídán tàbí lẹ́yìn páálí ilẹ̀kùn. Oòrùn kì í dé ibẹ̀, kì í sì í purọ́. Ẹ sọ fún pánẹ́ẹ̀bítà kó má fi ọgbọ́n tiẹ̀ kún un. Èyí tó sì ṣe pàtàkì jù ni pé kí ẹ wá àgbà tó mọ mọ́tò náà nígbà tó ṣì lè sọ̀rọ̀. Junior ṣì wà nígbà tí wọ́n wá a. Sam ò sí mọ́, Bob ò sí mọ́. Bí wọ́n bá tún fi ogún ọdún pẹ̀lú kó tó di pé wọ́n bẹ̀rẹ̀, ta ni wọn ì bá bi?

Irin lè dúró dè wá nínú gáréèjì. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ṣe é kì í dúró.